Irin Tí A Gé fún Ẹfọ̀n

Alàgbà Ọdẹ́tóyìnbó Ajíṣefínní, ọmọ ọdẹ tó di olùkọ́ni nínú ìjọ, ni ó pa àkàwé yìí. Àwọn tó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ ni Láoṣebíkan, àgbẹ̀ oníkajú, àti Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀. Orúkọ àwọn méjèèjì yìí, àti ti ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ni a yí padà. Ìdí rẹ̀ yóò hàn. Abẹ́ igi máńgòrò tó wà níwájú ilé alàgbà ni wọ́n jókòó sí, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìpàdé ẹbí.

Ẹjọ́ àbúrò ni Láoṣebíkan gbé wá. Ládùntán, ọmọ ìyá rẹ̀, ti gé àwọn kajú tí òun ẹ̀gbọ́n gbìn sí ààlà oko bàbá wọn. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n bi í léèrè, ó dáhùn lójú àwọn òṣìṣẹ́ pé àgbà tí kò ní oko gidi ni í máa ka igi ààlà. Ọ̀rọ̀ náà wọ Láoṣebíkan lára dé egungun.

"Bàbá, lọ́la ni n ó dá a lóhùn," ó wí. "Kí ìyá wa tó kú, ó pè mí sí ìyẹ̀wù, ó sì jẹ́wọ́ fún mi pé Ládùntán kì í ṣe ọmọ bàbá wa. N ó sọ ọ́ níwájú gbogbo ẹbí. Kí a wá wo ẹni tó ni ààlà."

Àwẹ̀ró kò tíì gbọ́ ọ rí. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Baálé mi! Ṣé ohun tí ẹ ń gbé sùn láti ọjọ́ yìí wá nìyí?"

"Òótọ́ ni, irọ́ kọ́," ni ọkọ rẹ̀ wí, kò wo ojú rẹ̀. "Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, yóò sì pa á lẹ́nu mọ́ títí láé."

Alàgbà kò sọ pé ó dára, kò sì sọ pé kò dára. Ó ní kí wọ́n sún àga wọn mọ́ òun, nítorí ohùn òun kì í ròkè. Ó sì bẹ̀rẹ̀ báyìí:

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ ọdẹ. Ìlú rẹ̀ wà níbi tí igbó ti tán tí ọ̀dàn ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dọọdún, bí iná ẹ̀ẹ̀rùn bá ti jó koríko tán, gbogbo ọdẹ ìlú a kó ara wọn jọ láti lé àgbọ̀nrín. Apá kan nínú wọn a gba ẹ̀yìn wọ inú igbó etí odò. Wọn a máa pariwo, wọn a máa fi igi na igi, kí ẹran lè sá jáde. Apá kejì a tò sí etí ọ̀dàn pẹ̀lú ìbọn, wọn a máa retí ohun tí yóò yọ.

Ìlú náà kì í fi ọta kan náà pa gbogbo ẹran. Ọta wẹ́wẹ́ tó dà bí ọkà bàbà ni ti ẹyẹ. Ọta òjé tó dà bí ẹ̀wà ni ti àgbọ̀nrín. Ti ẹfọ̀n ni irin, irin tí alágbẹ̀dẹ gé ní ìwọ̀n orí àtàǹpàkò, tí a sì fi ètù ìlọ́po méjì tì lẹ́yìn, nítorí pé awọ ẹfọ̀n nípọn, egungun rẹ̀ sì le. Ṣùgbọ́n òfin kan wà tí ẹnikẹ́ni kò mọ ẹni tó ṣe é: ní ọjọ́ tí a bá ń lé ẹran, irin kò gbọdọ̀ wọ ìbọn. Bí ẹfọ̀n fúnra rẹ̀ bá jáde lọ́jọ́ náà, kí wọ́n yà fún un, kí ó kọjá.

Nítorí òfin yìí ni wọ́n ṣe ń yẹ ìbọn wò. Ìbọn òfìfo ni olúkúlùkù ń gbé wá sí ẹnu odi ìlú ní òwúrọ̀. Ọdẹ a ju ọ̀pá irin tí a fi ń ki ìbọn sínú ẹnu ìbọn rẹ̀ níwájú Olúọdẹ, tó jẹ́ olórí gbogbo wọn. Bí irin bá dún lára irin, a mọ̀ pé ìbọn ṣófo. Lẹ́yìn náà ni yóò ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kí Olúọdẹ rí ọta tó mú wá. Olúọdẹ a wò ó, a ní, "Rọ ọ́." Ìgbà náà ni yóò tó rọ ọ́.

Ní ọdún kan, ọdẹ wa yìí yìnbọn lu àgbọ̀nrín. Gbogbo ènìyàn rí i tí ẹran náà kúnlẹ̀. Gbogbo ènìyàn sì rí i tó dìde, tó sì sá wọ igbó padà. Ọ̀nà jíjìn ni ọdẹ ti yìn ín. Bí ó bá ní sùúrù kí ẹran súnmọ́ ọn, ìbá ti pa á. Ṣùgbọ́n kò dá sùúrù rẹ̀ lẹ́bi. Ọta ni ó dá lẹ́bi.

Láti ọjọ́ náà, ó di ẹni à ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n dá orin fún un:

"Àgbọ̀nrín gba ọta, ó kí ọdẹ kú iṣẹ́,
Ó gbọnra nù bí ẹni gbọn omi òjò."

Bí ó bá ń kọjá níbi tí wọ́n ti ń mu ẹmu, wọn a ní, "Bàbá ọdẹ, ẹ mà kú àlejò o! Àgbọ̀nrín yín ti wá dúpẹ́ ẹ̀wà tí ẹ fún un jẹ. Ó ní iyọ̀ ló kù díẹ̀." Àwọn ìyàwó ilé mọ orin náà. Wọ́n ń fi í lọ ata.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò bá wọn kọ ọ́: ọ̀rẹ́ rẹ̀, alágbẹ̀dẹ. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ orin níwájú rẹ̀, òòlù rẹ̀ a máa dún títí wọn yóò fi dákẹ́.

Ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ yìí náà ni ọdẹ lọ nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn tún dé. Ó ní kí ó gé irin kan fún òun.

"Irin ẹfọ̀n?" ni alágbẹ̀dẹ bèèrè. "Níbo ni o ti rí ẹfọ̀n ní ìlú yìí?"

"Ọ̀kan ń tẹ ebè iṣu mi mọ́lẹ̀ létí odò."

"Háà! Bí o bá pa á, èmi ni mo ni ìrù o. Má wá sọ fún mi pé àna rẹ ti gbé e lọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Alágbẹ̀dẹ fẹ́ná, ó gé irin, ó dán orí rẹ̀. Kí ó tó fi lé e lọ́wọ́, ó dì í mú díẹ̀, ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, ṣọ́ra fún un. Ohun tí mo gé yìí kì í mọ ibi tí a ń dúró." Ọdẹ ní òun gbọ́. Ó gba irin, ó dúpẹ́, ó sì lọ.

Ilé ni ó ti ki ìbọn rẹ̀. Ìwọ̀n ètù tí a fi ń pa àgbọ̀nrín ni ó kọ́kọ́ rọ, ó tún rọ ọ̀mìíràn lé e, ó sì ti irin bọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ó gbé ìbọn tó ti yó lọ sí ẹnu odi, níbi tí a ti ń gbé ìbọn òfìfo wá. Ó mọ̀ pé bí ọ̀pá bá wọ inú ìbọn náà, kò ní í dún.

Nígbà tí ó kàn án, Olúọdẹ wò ó, àánú rẹ̀ sì ṣe é. Ó rántí orin náà. Ó rí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ti ń pọ́n ẹnu láti kọ ọ́.

"Ìwọ, kọjá," ó wí. "Wọ́n ti fi ìbọn rẹ ṣe yẹ̀yẹ́ tó láti ọdún tó kọjá. Èmi kò ní í ju ọ̀pá sí i lójú àwọn wọ̀nyí."

Ọdẹ ṣí àtẹ́lẹwọ́. Ọta òjé ni ó wà níbẹ̀, ó mọ́, ó pé. Olúọdẹ ní, "Rọ ọ́." Ọdẹ yí ẹ̀yìn padà bí ẹni tó fẹ́ gbàdúrà, ó sì rọ ọta sínú àpò rẹ̀.

Wọ́n dé etí ọ̀dàn, wọ́n tò. Láti inú igbó, ariwo àwọn tó ń lé ẹran bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀, igi ń lu igi, ó ń súnmọ́. Àgbọ̀nrín kan yọ, akọ, ó ga, ó sì dúró láti gbọ́ ibi tí ariwo ti ń wá. Ó jìnnà, bí ti ọdún tó kọjá gan-an. Ọdẹ kò dúró dè é lọ́dún yìí náà. Ó yìn ín.

Ìbọn yòókù a máa dún gbì. Èyí bú bí ààrá. Àgbọ̀nrín ṣubú síbi tó dúró sí, kò ta ẹsẹ̀, kò mí. Ọdẹ fò sókè. Ó jó, ó na ọwọ́ sí wọn.

"Ẹ̀yin olórin, orin dà? Ẹ kọ ọ́ kí n gbọ́! Ṣé ó ti gbọnra nù?"

Gbogbo wọn kọjú sí igbó. Ó rò pé ìlara ni. Lẹ́yìn náà ni òun náà gbọ́ ohun tí wọ́n ń gbọ́: igi kò lu igi mọ́. Igbó dákẹ́ pátápátá. Ohùn kan wá ké láti inú rẹ̀ pé, "Ẹ má yìn mọ́! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yìn mọ́!"

Wọ́n sáré kọjá lára àgbọ̀nrín. Lẹ́yìn rẹ̀, nínú igbó, ní ibi tí agbára ọta òjé ìbá ti tán kí ó tó dé, alágbẹ̀dẹ, tó wà lára àwọn tó ń lé ẹran lọ́jọ́ náà, jókòó, ó fẹ̀yìn ti igi. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn mú. Ẹ̀jẹ̀ ń gba àárín ìka rẹ̀ jáde.

"Irin ni," ó wí. "Mo gbọ́ ohùn rẹ̀."

Ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ojú rẹ̀ fi dé ara ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó gbé ìbọn dání.

"Ẹfọ̀n dà?" ni ó bèèrè.

Kò sọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ìbọn bọ́ lọ́wọ́ ọdẹ. Olúọdẹ yọ ọ̀bẹ, ó gbẹ́ ara igi náà, ó sì fa irin jáde. Irin kò tẹ̀, kò fọ́. Ó la ẹran kọjá, ó la ènìyàn kọjá, dídán tí alágbẹ̀dẹ dán orí rẹ̀ sì wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Ibẹ̀ ni alàgbà dá àkàwé dúró. Àwẹ̀ró ń sunkún láìpariwo.

"Bàbá," ni Láoṣebíkan wí, "ta ni ó wà lẹ́yìn àbúrò mi?"

Alàgbà dá a lóhùn pé:

"Láoṣebíkan, ọmọ mi, o bi mí ní ohun tí ọdẹ náà kò bèèrè. Àwọn ọmọ Ládùntán wà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn tí wọ́n ń pè ọ́ ní bàbá àgbà. Ìwọ kò bá wọn jà. Ọ̀rọ̀ tí o fẹ́ yìn lọ́la yóò mú ilẹ̀ kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Ọmọbìnrin rẹ̀ wà níbẹ̀, tí àwọn àna fẹ́ wá tọrọ. Ìyá rẹ wà níbẹ̀ nínú sàréè rẹ̀. Ó fi irin náà sí ọ lọ́wọ́ nítorí pé ó gbẹ́kẹ̀ lé ọ.

"O ní òótọ́ ni. N kò bá ọ jiyàn. Ojúlówó irin ni alágbẹ̀dẹ náà gé. Má ṣe bi ara rẹ bóyá ọ̀rọ̀ náà lágbára láti pa ẹnu àbúrò rẹ mọ́. Bi ara rẹ ní ibi tí yóò dúró sí. Igi ni ó gé. Ọ̀rọ̀ igi ni kí o bá a sọ, kí o sì súnmọ́ ọn kí o tó sọ ọ́. Ọ̀nà jíjìn ni ó ń mú kí ọta tó yẹ dà bí ọta tí kò tó. Bí wọ́n bá sì fi ọ́ kọrin, jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́. Mo ti rí ẹni tí orin bà lọ́kàn jẹ́, mi ò rí ẹni tí orin pa."

Wọ́n dìde, wọ́n kí i pé ó dàárọ̀, wọ́n sì lọ.

Èyí ni òpin olúkúlùkù wọn. Alágbẹ̀dẹ kú lábẹ́ igi náà. Ọdẹ kò tún gbé ìbọn mọ́. Oko opó alágbẹ̀dẹ ni ó ń ro títí ó fi kú, opó náà kò sì bá a sọ̀rọ̀ rí. Olúọdẹ fi oyè sílẹ̀. Àgbọ̀nrín náà, ẹnikẹ́ni kò jẹ ẹ́; wọ́n sin ín. Kò sí ẹni tó tún kọ orin náà ní ìlú náà.

Láoṣebíkan lọ sí ìpàdé. Ó gbé àga rẹ̀ kúrò láàárín àwọn àgbà, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ Ládùntán, ó sọ̀rọ̀ igi, ó sì dákẹ́. Ládùntán bínú jáde. Nígbà tí òjò rọ̀, ẹnì kan gbin ọmọ kajú sí ààlà. Ládùntán kò sọ pé òun ni. Ọmọbìnrin rẹ̀ ti wà nílé ọkọ, Láoṣebíkan ni ó sì fà á lé àwọn àna lọ́wọ́. Àwẹ̀ró kò tún bi ọkọ rẹ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà. Alàgbà Ọdẹ́tóyìnbó sùn nínú Olúwa ní ọyẹ́ ọdún tó tẹ̀lé e. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kò tíì jọ jẹun.