Ìdí Tí Iná Fi Ń Wà Nínú Wáyà Ṣúìṣì Ààlà

Nígbà tí ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ igi fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé, kì í sí iná nínú wáyà ṣúìṣì ààlà. Ṣúìṣì ààlà ni bọ́tìnnì kékeré tó wà ní ìparí irin tí orí ẹ̀rọ, ibi tí ọbẹ rẹ̀ wà, ń rìn lórí rẹ̀. Bí orí ẹ̀rọ bá rìn débẹ̀, tó tẹ̀ ẹ́, iná á wọ inú wáyà, ẹ̀rọ á sì dúró. Bí kò bá tíì tẹ̀ ẹ́, wáyà á dákẹ́ jẹ́ẹ́.

Ọ̀rẹ́ méjì kan wà létí odò Ọ̀bà láyé ìgbà náà, Ọláṣùpọ̀ káfíńtà àti Múnírù tó ń tún rédíò ṣe. Wọ́n jọ fọwọ́ ara wọn to irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sẹ́yìn ilé Ọláṣùpọ̀. Àwọn ará mọ́ṣáláṣí ní kí wọ́n bá àwọn gbẹ́ ilẹ̀kùn kan kí Iléyá tó dé.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Orí ẹ̀rọ ń gbẹ́ òdòdó sára igi ìrókò lọ wẹ́rẹ́. Àfi bó ṣe dúró lójijì láàárín igi. Ohun tó hàn lójú kọ̀ǹpútà tí wọ́n so mọ́ ẹ̀rọ ni pé ó ti dé ààlà.

"Ààlà wo?" ni Ọláṣùpọ̀ bi ara rẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ibi tí ṣúìṣì wà jìnnà sí orí ẹ̀rọ.

Ó tún ẹ̀rọ tàn, ó tún dúró. Ó gbá ìyẹ̀fun igi kúrò, pàbó. Ó pààrọ̀ ṣúìṣì, ibì kan náà ló já sí. Orí rẹ̀ dàrú.

Ó bi Múnírù pé, "Ṣé o fọwọ́ kan nǹkan nínú àpótí tó ń darí ẹ̀rọ ni?"

"Èmi kẹ̀? Àbí o rò pé mo fẹ́ ba iṣẹ́ ara mi jẹ́ ni?"

Ọláṣùpọ̀ ò mọ ohun tí ì bá rò. Múnírù bínú lọ kírun.

Kó tó dé, Ọláṣùpọ̀ ti gé wáyà ṣúìṣì náà. Lóòótọ́, ẹ̀rọ ò dúró mọ́. Inú rẹ̀ dùn, kò sì sọ ohun tó ṣe fún Múnírù nígbà tó dé. Ṣùgbọ́n gbogbo ìdúró yẹn ti mú kí ẹ̀rọ ṣi ibi tó wà mọ̀. Orí ẹ̀rọ kọjá igi, ó forí sọ ìparí irin, ó sì ń tì í lọ. Ọbẹ rẹ̀ kán, ó ta, ó ya Múnírù níwájú orí.

Ọláṣùpọ̀ sáré pa iná, ó fi aṣọ di ojú ọgbẹ́ náà.

"Èmi ni mo gé wáyà," ló wí. "Ọ̀rọ̀ náà ò yé mi mọ́. Jọ̀ọ́, má bínú."

Múnírù fi ọwọ́ ara rẹ̀ di aṣọ náà mú. Lẹ́yìn náà ló ní, "So ó padà. Má jẹ́ kí orí ẹ̀rọ rìn, ìnjìnnì tó ń yí ọbẹ ni kí o tàn."

Ọláṣùpọ̀ tan ìnjìnnì. Nǹkan kan ò rìn, síbẹ̀ kọ̀ǹpútà ní orí ẹ̀rọ ti dé ààlà. Múnírù tọ wáyà ṣúìṣì lọ, ó sì rí i pé wọ́n dì í mọ́ wáyà ìnjìnnì tó nípọn. Iná wáyà ìnjìnnì ló ń ràn sínú wáyà ṣúìṣì, tí kọ̀ǹpútà fi ń rò pé wọ́n ti tẹ ṣúìṣì.

"Èmi ni mo dì wọ́n pọ̀," ló wí pẹ̀lú ìtìjú. "Mo fẹ́ kó rí nigín ni."

Wọ́n ya wáyà méjèèjì sọ́tọ̀. Kọ̀ǹpútà ò parọ́ ààlà mọ́.

"Kí ló dé tí ẹ̀rọ ò fi mọ̀ nígbà tí mo gé wáyà?" Ọláṣùpọ̀ ṣì ń ronú.

"Wáyà tí wọ́n gé àti ṣúìṣì tí ẹnikẹ́ni ò tẹ̀, bákan náà ni wọ́n ń dákẹ́," ni Múnírù dá a lóhùn.

"Jẹ́ ká yí i padà nígbà náà. Kí iná máa wà nínú rẹ̀ tí gbogbo nǹkan bá dára. Tí iná bá já, ì báà jẹ́ pé wọ́n tẹ ṣúìṣì tàbí wọ́n gé wáyà, kí ẹ̀rọ dúró."

Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Wọ́n ra ọbẹ mìíràn, wọ́n sì parí ilẹ̀kùn náà.

Láti ìgbà yẹn ni àwọn tó mọṣẹ́ ti ń fi iná sínú wáyà ṣúìṣì ààlà nígbà gbogbo, tí wọ́n sì ń jẹ́ kó jìnnà sí wáyà ìnjìnnì. Bí eku bá jẹ ẹ́, tàbí tí ẹni tọ́rọ̀ dàrú mọ́ lójú bá gé e, ẹ̀rọ á dúró.