Láṣebíkan àti Rímù Dídán

Láṣebíkan ará Àgọ́-Ọ̀dàn ní ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù kan tó ti pẹ́ tó ti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà kò kú, ṣùgbọ́n táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti pá bí orí àgbàlagbà, ìpẹtà sì ti jẹ irin rímù wọn. Nígbà tí kò lọ síbì kankan mọ́, àwọn adìyẹ sọ ẹ̀yìn rẹ̀ di ibùsùn. Wọ́n ń yé síbẹ̀, wọ́n ń sàba níbẹ̀. Àwọn ará ìlú bá sọ ọkọ̀ náà ní Ilé Adìyẹ. Bí Láṣebíkan bá ń kọjá lọ jẹ́jẹ́, ẹnìkan a ké sí i pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá ẹlẹ́yin! Ṣé ọkọ̀ yín yé lónìí?" Yóò bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kì í dé ikùn rẹ̀.

Lọ́dún kan, Baálẹ̀ ránṣẹ́ pè é. Iṣu tuntun ti fẹ́ jáde, awakọ̀ tó sì máa ń gbé e wọ̀lú ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ nílùú mìíràn. Iṣu tuntun kì í dédé wọ Àgọ́-Ọ̀dàn. Abà Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń wà á. Bí wọ́n bá ti gbé e kúrò lórí ebè, kò gbọdọ̀ fara kan ilẹ̀ mọ́, kò sì gbọdọ̀ ti orí ẹnìkan bọ́ sórí ẹlòmíràn, àfi ìgbà tó bá dé iwájú ilé Baálẹ̀. Ẹni tó gbé e ni yóò sọ̀ ọ́. Orí ni wọ́n fi ń rù ú láyé àtijọ́. Nígbà tí ọkọ̀ dé, òfin náà bá wọn wọ ọkọ̀. Ọkọ̀ tó bá gbé iṣu náà délé láìsí ìjàǹbá ni gbogbo àgbẹ̀ abà yóò máa fi kó ẹrù títí ọdún yóò fi yí po.

Baálẹ̀ wò ó títí. Ó ní, "Láṣebíkan, ìwọ ni mo fẹ́ gbé e lé lọ́wọ́. Ṣé ọkọ̀ rẹ á lè rìn?"

"Yóò rìn, Baálẹ̀. Kí ẹ pẹ́ o. Yóò tilẹ̀ jó."

"N kò ní kó jó. Kó ṣáà dé. Bí kò bá dé, má bínú o, a ó wá ẹlòmíràn, kí ìwọ náà padà sídìí ẹyin rẹ."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ó délé, ó lé àwọn adìyẹ kúrò nínú ọkọ̀, ó gbá a mọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òun àti Abọ́sẹ̀dé ìyàwó rẹ̀ wọkọ̀ èrò lọ sí Ìbàdàn láti lọ ra táyà àti rímù.

Ìyá Káríìmù ni wọ́n júwe fún wọn, obìnrin kan tó ti ń ta táyà láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ wà láyé. Ó jókòó sáàárín táyà tó tò jọ bí òkìtì ìkòkò. Lẹ́yìn ìkíni, ó bèèrè ohun tó máa ń kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ oníbàárà.

"Bàbá, ọ̀nà wo ni ọkọ̀ yín ń rìn?"

Ìwà kan wà tí wọ́n mọ ará Àgọ́-Ọ̀dàn mọ́. Kò sí ohun tí ẹ lè fi bẹ̀ ẹ́ kó sọ fún àlejò pé ìlú òun kò dára. Bí kànga ìlú bá gbẹ, yóò ní omi ń sinmi ni. Láṣebíkan bá na ọrùn.

"Ọ̀nà ọlọ́dà ni, ìyá. Ọ̀dà títí dé ẹnu ọ̀nà mi."

Abọ́sẹ̀dé wúkọ́.

"Ìyá, ṣé òtútù ń mú yín ni?" ni Ìyá Káríìmù bi í.

"Rárá o. Eruku ọ̀dà wa ló há mi lọ́fun."

Ìyá Káríìmù wo ọkọ, ó wo ìyàwó, ṣùgbọ́n kò dá sí ọ̀rọ̀ tọkọtaya. Ó ní bó bá jẹ́ ọ̀dà ni, kí wọ́n wo apá ọ̀tún. Rímù kan wà níbẹ̀ tó ń dán bíi dígí, tó tóbi ju ti àtijọ́ lọ, táyà rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ara rẹ̀ sì ń jọ̀lọ̀. Ní apá òsì, rímù dúdú kan wà tí kò lẹ́wà rárá, tí eyín táyà rẹ̀ tóbi bí àtàǹpàkò.

"Èyí ńkọ́?" Abọ́sẹ̀dé fọwọ́ kan eléyìí tó léyín.

"Àwọn tó ń wọ inú oko ló ń rà á. Ariwo ló máa ń pa lórí ọ̀dà. Ṣùgbọ́n bó bá kan ẹrẹ̀, jíjẹ ló ń jẹ ẹ́."

Abọ́sẹ̀dé fa ọkọ rẹ̀ láṣọ. "Bàbá Lọ́lá, ẹ sọ òótọ́ fún obìnrin yìí. Ẹ má gbàgbé Àbàtà Pándòrò tó wà lọ́nà abà."

"Ṣé kí n wá sí Ìbàdàn wá máa tú àṣírí ìlú mi ni? Wo ojú mi nínú rímù yìí. Ṣé ojú bàbá ẹlẹ́yin nìyí?"

"Ojú yín ni mo rí. N ò rí ọ̀nà níbẹ̀."

Kò gbọ́. Rímù dídán ló rà, pẹ̀lú táyà rẹ̀, mẹ́rin fún ẹsẹ̀ ọkọ̀, ọ̀kan fún ìpamọ́.

Ọjọ́ tí wọ́n dè é mọ́ ọkọ̀, ìlú pé lé e lórí. Àwọn ọmọdé ń wo eyín wọn nínú rímù. Wọ́n ní Ilé Adìyẹ ti di Ilé Dígí. Inú Láṣebíkan dùn débi pé fìlà orí rẹ̀ ló fi ń nù ún. Ọ̀pádìran ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìkan ni kò pariwo. Òun náà ní píkọ́ọ̀pù, ẹ̀yà kan náà pẹ̀lú ti Láṣebíkan, ṣùgbọ́n okùn ló fi so ilẹ̀kùn tirẹ̀, táyà eléyín ló sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó yí ọkọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ po.

"Ó dára o. Ṣé ó mọ̀ ọ́n wẹ̀?"

"Ìlara ń yọ ọ́ lẹ́nu," ni Láṣebíkan dá a lóhùn.

Ọjọ́ iṣu pé. Òjò ti rọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ní Abà Ìsàlẹ̀, àwọn àgbẹ̀ to iṣu sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n fi ewé tútù bò ó, mélòó kan nínú wọn wọkọ̀, Láṣebíkan sì tẹná sí i. Ọ̀nà dára títí wọ́n fi dé Àbàtà Pándòrò. Ibẹ̀ ni táyà ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí láìlọ. Ẹrẹ̀ lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ jọ̀lọ̀jọ̀lọ̀ yẹn, ó sì ń yọ̀ bí ọṣẹ. Bó ti ń tẹná mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yìn ọkọ̀ ń rì, títí ẹrẹ̀ fi gbé rímù ẹ̀yìn méjèèjì mì. Àwọn àgbẹ̀ sọ̀kalẹ̀, wọ́n tì í, wọ́n sì di ẹlẹ́rẹ̀ látòkè délẹ̀. Ọkọ̀ kò mira.

"Ká sọ iṣu kalẹ̀ kó lè fúyẹ́," ni ọ̀kan nínú wọn wí, kó tó rántí, tó sì fọwọ́ bo ẹnu.

Láṣebíkan dúró nínú ẹrẹ̀. Ó ń rò ó bí ìlú ti ń dúró níwájú ilé Baálẹ̀, ó sì ń gbọ́ igbe adìyẹ létí bí ẹni pé wọ́n ti padà dé.

Kò pẹ́, ọkọ̀ Ọ̀pádìran yọ lẹ́yìn wọn, ẹrù ẹ̀gẹ́ ló gbé. Ó dúró síbi tí ilẹ̀ ti le, ó rìn wá, ó wo táyà.

"Kí ni alátáyà wí nígbà tó o sọ ti àbàtà yìí fún un?"

Láṣebíkan bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ ha ẹrẹ̀ kúrò lára táyà.

"Àbí o ò sọ ọ́ ni?"

"Mo ní ọ̀dà ni."

Ọ̀pádìran fọwọ́ di ìbàdí, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "O purọ́ ọ̀nà fún alátáyà! Ẹrẹ̀ ti wá bá ọ sọ òótọ́ báyìí." Lẹ́yìn náà ló nu ojú. "Ó dáa. Bọ́ táyà ẹ̀yìn méjèèjì ti ọkọ̀ mi. Ihò wọn bára mu. Ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ yìí ni yóò kọ́kọ́ gbé jáàkì mì. Kí la ó fi tẹ́ ẹ nídìí?"

Wọ́n wò yíká. Kò sí òkúta, kò sí pákó. Láṣebíkan lọ sẹ́yìn ọkọ̀, ó fa táyà ìpamọ́ jáde, ó sì da ojú rímù dídán rẹ̀ délẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó gbé jáàkì lé e lẹ́yìn.

"Ó kúkú wúlò," ni Ọ̀pádìran wí.

"Pa ẹnu ẹ dé, kí o gbé sípánà wá."

Wọ́n bọ́ èyí, wọ́n de ìyẹn. Nígbà tí Láṣebíkan tún tẹná, táyà eléyín gé ẹrẹ̀ jẹ, ó tún gé e jẹ, ọkọ̀ sì gùnkè bí ẹni tó jí lójú oorun. Àwọn àgbẹ̀ hó yèè. Ọ̀pádìran jókòó ti ọkọ̀ tirẹ̀ tó ti fìdí kanlẹ̀, ó ń juwọ́ sí wọn.

Nígbà tí wọ́n dé iwájú ilé Baálẹ̀, rímù iwájú ti di ẹlẹ́rẹ̀, ti ẹ̀yìn sì dúdú kirimú. Ṣùgbọ́n iṣu kò fara kan ilẹ̀. Láṣebíkan fúnra rẹ̀ ló sọ àkọ́kọ́.

"O ní yóò jó," ni Baálẹ̀ wí. "Ṣé ó jó?"

"Ó jó díẹ̀ nínú ẹrẹ̀, Baálẹ̀, kó tó gbọ́n."

Ìlú bú sẹ́rìn-ín. Baálẹ̀ ní kí àwọn àgbẹ̀ máa to ẹrù wọn dè é.

Láṣebíkan padà lọ gbé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kúrò ní àbàtà, ó dá táyà rẹ̀ padà fún un, wọ́n sì jọ jẹ iṣu tuntun. Lẹ́yìn ọdún iṣu, òun àti Abọ́sẹ̀dé tún kọrí sí Ìbàdàn.

"Bàbá, ọ̀nà wo ni ọkọ̀ yín ń rìn?" ni Ìyá Káríìmù tún bèèrè.

Láṣebíkan mí kanlẹ̀. "Ìyá, ọ̀nà wa kò dára. Àbàtà kan wà níbẹ̀ tó lè gbé màlúù mì." Bó ti bẹ̀rẹ̀, kò lè dákẹ́ mọ́, ó sọ ti òkè, ó sọ ti kòtò, ó sọ ti afárá tó já. Ara rẹ̀ ń fúyẹ́ bó ti ń sọ ọ́.

"Mo kúkú fura," ni Ìyá Káríìmù wí. "Ọ̀dà kì í ní eruku tó ń há ènìyàn lọ́fun." Ó gba rímù dídán mẹ́rin padà, ó fi dúdú eléyín dípò wọn fún un. Ìkarùn-ún tí wọ́n tẹ̀ sínú ẹrẹ̀ ni kò gbà, nítorí jáàkì ti bà á jẹ́. Abọ́sẹ̀dé gbé ìyẹn sẹ́yìn ilé, ó tẹ́ koríko sínú rẹ̀, àwọn adìyẹ sì ń yé síbẹ̀ títí di òní.

Láti ìgbà náà, bí ará Àgọ́-Ọ̀dàn bá fẹ́ fi ìṣòro rẹ̀ pamọ́ fún ẹni tó lè ràn án lọ́wọ́, òwe tí àwọn àgbà máa ń pa fún un ni pé: Ẹni tó bá purọ́ ọ̀nà fún alátáyà, ẹrẹ̀ ni yóò bá a sọ òótọ́.