Ìdí Tí Wáyà Gìtá Fi Ń Wọ Ẹ̀wù Ejò

Nígbà láéláé, nígbà tí Ejò ṣì ń lo awọ kan ṣoṣo láti ọjọ́ ìbí títí di ọjọ́ ikú, ìhòhò ni Wáyà ń rìn. Okùn bàbà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ kan báyìí ni. Irin kékeré ni orí rẹ̀, irin kékeré ni ìrù rẹ̀, kò sì wọ nǹkan kan sáàárín méjèèjì.

Iṣẹ́ ìránṣẹ́ ni Wáyà ń ṣe. Gìtá ní ohùn dídùn, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò kọjá ẹnu ọ̀nà ilé. Gbohùngbohùn ní ẹnu gbàǹgbà, ṣùgbọ́n kò ní ọ̀rọ̀ kankan tí yóò fi sọ. Irú wọn pọ̀ láàárín àwa ènìyàn náà, ẹ jẹ́ kí n má dárúkọ ẹnikẹ́ni. Wáyà á ki orí bọ inú Gìtá, á ki ìrù bọ inú Gbohùngbohùn, á sì máa gba orin lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́ gbé e fún ẹnì kejì. Ọ̀bọ ló máa ń ta Gìtá, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ yá.

Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa ń jókòó sábẹ́ igi ọ̀dán kan, wọ́n á máa ṣeré wọn, kò sí wàhálà. Ilé kì í pa wáyà. Ọ̀nà ló ń pa á.

Nígbà tí òkìkí wọn kàn, àwọn Oyin ló kọ́kọ́ ránṣẹ́ pè wọ́n. Wọ́n débẹ̀, Gìtá lanu kọrin, ṣùgbọ́n "ùùùùn" ni gbogbo ìlú gbọ́. Kíkùn àwọn Oyin ti wọ Wáyà lára ní ìhòhò tó wà, Gbohùngbohùn kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín orin àti ariwo. Inú àwọn Oyin dùn gan-an, wọ́n rò pé orin tiwọn ni wọ́n ń kọ fún wọn. Ojú ti Gìtá púpọ̀.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà nígbà tí Lékeléke fò dé láti ìlú àwọn Erin.

"Gìtá, mo kí ọ o," ni Lékeléke wí. "Ìyá Àgbà ló rán mi. Ara rẹ̀ kò yá, kò lè dìde mọ́. Ó ní kí ẹ wá fi orin pe orúkọ àwọn ọmọ òun fún òun. Méje ni wọ́n."

"Ṣé àwọn ọmọ náà kò sí nílé ni?" Gìtá béèrè.

"Mẹ́fà wà nílé. Ìkeje, odò gbé e lọ ní kékeré. Ṣé o sì mọ òfin àwọn Erin. Ará ilé kò gbọdọ̀ dárúkọ ọmọ tó ti kú. Àlejò nìkan ló lè pè é, inú orin ló sì gbọdọ̀ ti pè é. Ó ti pé ogójì ọdún tí Ìyá Àgbà ti gbọ́ orúkọ ọmọ yẹn gbẹ̀yìn. Ó ní òun fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i kí òun tó lọ."

Lékeléke bojú wo ẹ̀yìn, ó sì sọ orúkọ náà sí Gìtá létí. Gìtá ní àwọn ń bọ̀.

Nígbà tí wọ́n dé ìlú àwọn Erin, wọ́n rí i pé etí Ìyá Àgbà ti di. Etí erin tóbi lóòótọ́, ṣùgbọ́n títóbi etí kọ́ ni gbígbọ́ ọ̀rọ̀. Nítorí náà, wọ́n gbé Gbohùngbohùn wọ inú yàrá, wọ́n fi ẹnu rẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí Ìyá Àgbà. Gìtá àti Ọ̀bọ jókòó sí àgbàlá, níbi tí àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ ti pé jọ láti jó. Ìyá Àgbà ló ní kí wọ́n jó. Ó ní òun kò fẹ́ orin tí ẹnikẹ́ni kò jó sí. Wáyà ló nà gbọọrọ láti àgbàlá wọ inú yàrá.

Gìtá pe àkọ́bí, Àjàmú. Àjàmú jó, ilẹ̀ mì. Ó pe Àkànó. Ó pe Àgbékẹ́. Ó pe Àtàndá. Bó ṣe pe ìkarùn-ún báyìí, inú ọmọ-ọmọ kan dùn jù, ó gbé ẹsẹ̀, ó sì gbé e lé Wáyà lórí. Wáyà já sí méjì.

Inú yàrá dákẹ́. Ìyá Àgbà ké síta pé, "Ó ku méjì o! Ṣé ó ti rẹ̀ yín ni?"



Ọ̀bọ fi ìbínú fa Wáyà yọ. "Ẹ ju nǹkan yìí sí ààtàn, ká wá okùn mìíràn."

"Okùn wo?" ni Gìtá dáhùn. "Ṣé okùn tí wọ́n fi ń so ewúrẹ́ ló máa gbé ohùn mi? Ẹni tó ń bá mi gbé ọ̀rọ̀ dé ibi tí n kò lè dé, mi ò ní jù ú nù." Ó yíjú sí Àjàmú. "Ẹ bá wa bẹ Ìyá Àgbà. Ẹ ní kí wọ́n fún wa ní ọjọ́ márùn-ún."

Àjàmú wọlé, ó pariwo ọ̀rọ̀ náà sí ìyá rẹ̀ létí, ó sì padà jáde. "Wọ́n ní àwọn á dúró," ló wí. "Ṣùgbọ́n ẹ má pẹ́. Wọ́n ní dídúró náà ti ń rẹ àwọn."

Gìtá gbé Wáyà lọ sọ́dọ̀ Ìyá Alántakùn, arúgbó tó ń hun nǹkan lábẹ́ àjà ilé àtijọ́ kan, tí kì í fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣeré. Ìyá Alántakùn gbé ojú ibi tó já sókè, ó wò ó, ó sì pòṣé.

"Ta ló ṣe ọ báyìí? Okùn kan ṣoṣo gbọnrangandan! Okùn tó bá dá wà báyìí, tẹ̀ ẹ́ síwájú, tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, yóò kán. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà."

Ó la Wáyà sí ogójì fọ́nrán wẹ́wẹ́, ó sì lọ́ gbogbo wọn pọ̀ di iṣan kan. Ó fi oje igi rọ́bà kùn ún. Lẹ́yìn náà ó fi bàbà hun àwọ̀n wínníwínní yí i ká láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Kíkùn yòówù tó bá fẹ́ wọ inú rẹ, àwọ̀n yìí ló máa mú un," ló wí. "Ṣùgbọ́n mi ò ní parọ́ fún ọ. Àwọ̀n mi kò lè gba ẹsẹ̀ erin dúró. Lọ bá Ejò."

Orí àpáta ni Wáyà ti bá Ejò, ó ń yá oòrùn. Wáyà dọ̀bálẹ̀. Kò ṣòro fún un, ìdọ̀bálẹ̀ ló ti wà tẹ́lẹ̀.

"Bàbá Ejò, ẹ kú ìsinmi o."

"Kí lo fẹ́?"

"Ẹ̀wù yín ni, sà."

Ejò rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀wù mi? Ọ̀kan ṣoṣo tí mo ní?"

Wáyà rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀: àìsàn Ìyá Àgbà, ọmọ tí odò gbé lọ, orúkọ tí ará ilé kò gbọdọ̀ pè, àti bí obìnrin náà ṣe ń dúró. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Ejò.

"Ìyàwó mi yé ẹyin méjìlá," ló wí. "Mẹ́sàn-án ló di ọmọ. A kò rí orúkọ sọ àwọn mẹ́ta yòókù. Màá fún ọ ní ẹ̀wù náà. Ṣùgbọ́n gbọ́ o. Bí mo ṣe ń ká ara mi ni kí wọ́n máa ká ọ: òbìrìkìtì, wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ká ọ mọ́ ìgúnpá bí okùn igi ìdáná, màá wá gba ẹ̀wù mi."

"Mo gbọ́, sà," ni Wáyà wí.

Ejò ha imú mọ́ àpáta. Ẹ̀wù ya lẹ́nu, ó sì fà á yọ títí dé ìrù. Kò sí ejò tó bọ́ awọ rí kí ọjọ́ yẹn tó dé. Ó dun Ejò, òtútù sì mú un. Ó rọra wọ́ wọ ihò rẹ̀ lọ.

Wáyà gbé ẹ̀wù náà wọ̀, ó padà délé, ó ṣàlàyé àdéhùn náà fún gbogbo wọn. Ọ̀bọ ní òun ti gbọ́. Òótọ́ ni, etí rẹ̀ gbọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ni kò gbọ́. Ní ọjọ́ karùn-ún, lẹ́yìn tí wọ́n ti dán orin náà wò tó sì dùn, Ọ̀bọ di Wáyà mú láàárín, ó já a yọ kúrò lára Gìtá. Ó ká a mọ́ ọwọ́ àti ìgúnpá, ó fún un pinpin, ó fi ìrù Wáyà fúnra rẹ̀ so ó nídìí, ó sì gbé e kọ́ èjìká.

"Ọ̀bọ, ìgúnpá kọ́ o!" ni Wáyà ké.

"Dákẹ́ jàre, a ti pẹ́."

Wọ́n dé ìlú àwọn Erin, wọ́n to ara wọn bíi ti àkọ́kọ́. Gìtá pe Àjàmú. "Kẹ́… kẹ́… kẹ́," ni Gbohùngbohùn wí nínú yàrá, ó sì dákẹ́. Iṣan Wáyà ti já ní ọrùn, níbi tó ti kan irin orí.

Àjàmú jáde wá. "Wọ́n ń béèrè bóyá ẹ ti bẹ̀rẹ̀," ló wí.

Inú ihò tí Ejò wà ni ó ti mọ̀ ọ́n lára pé wọ́n ti ká ẹ̀wù òun mọ́ ìgúnpá. Kò pẹ́ tó fi wọ́ dé àgbàlá náà, awọ tuntun ń dán lára rẹ̀, ìbínú wà lójú rẹ̀. Nígbà tí àwọn yòókù fi máa yíjú, Ọ̀bọ ti wà lórí igi.

"Ẹ̀wù mi dà?"

"Òun nìyí, sà," ni Wáyà dáhùn. "Mo ṣèlérí, kò sì ṣẹ. Tiyín ni, ẹ gbà á. Ẹ ṣáà jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́ iṣẹ́ yìí. Wọ́n ń dúró nínú ilé."

"Ọrùn tó já wo lo fẹ́ fi jẹ́ iṣẹ́?"

Ni wọ́n bá gbọ́ ohùn kan láti inú ikùn Gìtá. "Ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀." Ìyá Alántakùn ló jáde wá. Ó ti bá wọn rìn láìsọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí pé oníṣẹ́ a máa fẹ́ mọ bí iṣẹ́ òun ṣe ń ṣe lójú ọ̀nà. "Mo so iṣan mọ́ irin, n kò so ẹ̀wù mọ́ irin. Bí wọ́n bá ti fà á, ẹ̀wù á sún, iṣan á máa jìyà."

Ó tún iṣan so, ó sì jẹ́ kó dẹ̀ díẹ̀ nínú. Ó wá fa ẹ̀wù dé etí irin, ó fi okùn tirẹ̀ dì í ní ọrùn yíká lẹ́ẹ̀mọ́kàndínlógún, ó sì lẹ̀ ẹ́ pinpin.

"Ó tó," ló wí. "Láti ìsinsìnyí lọ, ẹ̀wù ni yóò máa jìyà. Ejò, ṣé ẹ̀wù yìí lè jìyà?"

"Orí ẹ̀gún ni mo ti ń wọ́ ọ láti ọjọ́ tí mo ti dáyé."

"Ó dáa. Fà á wò."

Ejò fi eyín di irin orí mú, ó fi ìrù rọ̀ mọ́ gbòǹgbò igi, ó sì fà. Ó tún fà. Ọrùn Wáyà kò mira.

Ejò wo Wáyà, ó wo ẹnu ọ̀nà yàrá. Ó ká ara rẹ̀ ní òbìrìkìtì sẹ́gbẹ̀ẹ́ Wáyà nínú àgbàlá. "Ẹ máa bá orin lọ," ló wí. "Èmi náà fẹ́ gbọ́ orúkọ yẹn."

Ọ̀bọ rọra sọ̀ kalẹ̀ láti orí igi, Gìtá sì bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ erin ń jó, ṣùgbọ́n wọ́n wo ilẹ̀, wọn kò mọ èyí tí í ṣe Wáyà yàtọ̀ sí èyí tí í ṣe Ejò. Ńṣe ni kálukú ń gbé ẹsẹ̀ ga kọjá. Gìtá pe ẹni karùn-ún. Ó pe ẹni kẹfà, Àlàó. Lẹ́yìn náà Ọ̀bọ dẹ ọwọ́.

"Àwẹ̀ró," ni Gìtá pè.

Ijó dúró. Àjàmú, tó wà létí odò lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún, ń sunkún láìbojú. Nínú yàrá, Gbohùngbohùn sọ ọ́ sí Ìyá Àgbà létí kedere, láìsí kíkùn, láìgé: "Àwẹ̀ró o."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Ìyá Àgbà wí. "Orúkọ rẹ̀ nìyẹn."

Ejò kò béèrè ẹ̀wù rẹ̀ mọ́. Ó wọ́ lọ sílé.

Láti ọjọ́ náà ni Ejò ti ń bọ́ awọ, tí wáyà gìtá sì ń wọ ẹ̀wù tó le, tí ọrùn rẹ̀ nípọn ju ara rẹ̀ lọ. Bí o bá ká a mọ́ ìgúnpá, yóò lọ́ mọ́ra ní kókó-kókó, torí pé ẹ̀wù náà kò gbàgbé ẹni tó ni ín. Àwọn tó ń jó lórí ìtàgé kò sì yé gbé ẹsẹ̀ ga kọjá rẹ̀, bí wọn kò tilẹ̀ mọ ìdí.

Láti ọjọ́ náà sì ni àwọn tó mọ wáyà ṣe fún olórin tó ń lọ sí ìrìn àjò kì í jẹ́ kó kúrò lọ́wọ́ àwọn láìkọ́kọ́ di orí rẹ̀ mú, kí wọ́n fi gbogbo agbára fà á. Bí yóò bá já, kó já níbẹ̀, lójú ẹni tó lè tún un ṣe.