Ọjọ́ Tí Bánkọ́lé Di Okùn Ìwọnlé Mú

Ọkùnrin kan wà ní ìlú Igbó-Obì láyé ijọ́un, Bánkọ́lé lorúkọ rẹ̀. Orúkọ a máa ro ọmọ lóòótọ́, nítorí pé ilé gan-an ni kò ní. Ilé Adéògún, ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, ló ti ń gbé láti ọdún mẹ́ta, ojú sì ń tì í. Oyún Àṣàbí ìyàwó rẹ̀ wá ti pé oṣù. Bí wọ́n bá bí ọmọ náà sí ilé àna, ọmọ ilé ìyá rẹ̀ ni gbogbo àdúgbò yóò máa pè é títí ayé.

Àlejò ló pọ̀ jù ní Igbó-Obì. Ẹni tó bá fẹ́ padà sí ìlú rẹ̀ a ta ilé fún ẹlòmíràn. Nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí wọ́n ti ká obì, kí ọyẹ́ tó dé, ni wọ́n máa ń rà, tí wọ́n sì máa ń tà. Ṣùgbọ́n inú ọkàn àwọn ará ìlú ni iye ilé wà. Bí wọ́n bá gbà pé àwọn oníkẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó ń ra obì ń bọ̀ láti òkè Ọya, ilé a gbówó lórí. Bí wọ́n bá fura pé wọn ò ní wá, ilé a di ọ̀pọ̀.

Bàbá Kúkọ̀yí, arúgbó tó fẹ́ lọ lo ọjọ́ alẹ́ rẹ̀ ní ìlú baba rẹ̀, fẹ́ ta ilé oníyàrá mẹ́rin. Òun àti Bánkọ́lé wá ṣe bí àṣà ìlú náà ṣe là á sílẹ̀: olùtà di orí okùn ìwọnlé kan mú, olùrà di ìkejì mú, wọ́n nà án kọjá iwájú ilé. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ okùn sílẹ̀ kí ẹnu tó kò, iye tí ẹnìkejì bá pè ló gbọ́dọ̀ fara mọ́.

Bàbá pe ọ̀kẹ́ mẹ́fà owó ẹyọ. Bánkọ́lé ní márùn-ún. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n pàdé láàárín nígbà tí ọdẹ kan ń kọjá.

"Ẹ̀yin ń ra ilé? Wọ́n ní ogun ti dí ọ̀nà. Àwọn oníkẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ò wá mọ́ o."

Bánkọ́lé yára dín iye tó pè kù. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mẹ́ta ni mo ní."

"Ó dáa, mú mẹ́rin wá."

Kó tó dáhùn, obìnrin kan tó ru igi ìdáná pariwo pé, "Irọ́ ni! Mo rí wọn létí odò lánàá, wọ́n pọ̀ bí eèrùn!"

"Mẹ́jọ ni," ni Bàbá wí.

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní mẹ́rin!"

"Ta ló gbọ́ mẹ́rin lẹ́nu mi?"

Orí Bánkọ́lé dàrú. Bó bá rà á, tí wọn ò wá ńkọ́? Bí kò bá rà á, tí wọ́n wá ńkọ́?

Ibi tó ti ń rò ó ni ajá ti lé àgbébọ̀ adìẹ kan dé. Adìẹ fò, ó bà sórí okùn. Okùn ń mì síwá, ó ń mì sẹ́yìn. Adìẹ na ìyẹ́, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, kò sì lè sọ̀ nítorí ajá jókòó sísàlẹ̀.

"Lé e!" ni Bàbá Kúkọ̀yí ké.

"Ọwọ́ wo ni n ó fi lé e?"

Àṣàbí dé, ó di ìbàdí mú. "Ọkọ mi, ẹ ra ilé yìí o. Ọmọ ti ń mú mi."

"Ṣe sùúrù díẹ̀, ẹnu wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kò."

Àṣàbí wo okùn, ó wo adìẹ, ó wo ọkọ rẹ̀. Ó pòṣé, ó yí padà.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí Adéògún yọ. "Bánkọ́lé, o kú ewu ọmọ. Ọkùnrin ni. Ilé mi la bí i sí."

Okùn bọ́ lọ́wọ́ Bánkọ́lé. Bàbá Kúkọ̀yí ní òun ti borí, ó pe ọ̀kẹ́ mẹ́jọ, ṣùgbọ́n òun náà kò mọ̀ bóyá ó pọ̀ tàbí ó kéré. Bánkọ́lé kò gbọ́ ọ. Ó ń wo ilẹ̀kùn ilé náà, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

Láti ìgbà náà, bí ọ̀rọ̀ bá dé ibi tí ọkàn ẹnikẹ́ni kò balẹ̀, àwọn àgbà a ní: "Adìẹ bà lókùn, ara ò rokùn, ara ò rọ adìẹ."