Ìdọ̀bálẹ̀ Baba Ẹtu

Òṣùpá ti yọ, ẹ sún mọ́ mi. Ààlọ́ o!
— Ààlọ̀!

Àlọ́ mi ń lọ, ó ń lọ, ó bá Baba Ẹtu lọ́nà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ti hewú, síbẹ̀ ó fẹ́ bá wọn sá eré ọ̀nà jíjìn tí àwọn ẹranko ń sá yí òkè ká. Ojoojúmọ́ ló ń sáré àsápajúdé láti múra sílẹ̀ fún un.

Ológbò, ọmọdé ni, sọ fún un pé, "Baba, ẹ rọra sáré lónìí. Kí ẹ wá fi àyà kanlẹ̀, kí ẹ na iṣan yín bí mo ti ń ṣe yìí, kí ara lè sinmi."

"Kí n dọ̀bálẹ̀ níwájú ọmọ àná?"

Orúnkún rẹ̀ wú. Ológbò tún bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Nígbà tó ń tiro, Ológbò fi orin bẹ̀ ẹ́. Ẹ gbè é:

Baba Ẹtu, ẹ nara o,
— Rọra!
Ara kì í ṣe òkúta o,
— Rọra!

Ó pòṣé.

Lọ́jọ́ eré, iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ já. Ó ṣubú, ó nà gbalaja sójú ọ̀nà. Ehoro kọjá. Ológbò kọjá, kò lè wò ó lójú. Ọmọ adìyẹ ló dúró.

"Baba, ẹ dìde. Àwa ọmọdé kọ́ ló yẹ kí ẹ máa dọ̀bálẹ̀ fún."

Àlọ́ mi dúró síbẹ̀. Ta ló ń rẹ́rìn-ín? Ìwọ náà ń dàgbà bọ̀.