Àwẹ̀ró Amọ̀kòkò àti Oníbàárà Tó Mú Lọ Fún Àbẹ̀jẹ́

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ sún mọ́ mi, kí ẹni tó wà lẹ́yìn lè gbọ́. Ààlọ́ mi kò dá lórí ọba, kò dá lórí ọmọ ọba. Ó ré lọ, ó bà lé Àwẹ̀ró, obìnrin amọ̀kòkò kan.

Ní ayé àtijọ́, nígbà tí ẹyẹ ń fọhùn bí ènìyàn, Àwẹ̀ró ń gbé ní Òkè-Amọ̀ pẹ̀lú Ládépò ọkọ rẹ̀. Ìṣaasùn, ìkòkò ọbẹ̀ kékeré, ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ó fúyẹ́. Ó ń dán. Ọbẹ̀ kì í jóná nínú rẹ̀. Àwẹ̀ró mọ̀ pé iṣẹ́ òun dára. Ó mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí kì í fi í sọ fún ẹnikẹ́ni. Bó bá dé ọjà, a pàtẹ sí ìkangun, a kẹ́yìn sí èrò, a máa dá orin kọ. Ẹ bá mi gbè é:

Èmi nìkan ni mo mọ ìṣaasùn yìí,
*Amọ̀, rọra.*
Ọbẹ̀ kì í jóná nínú rẹ̀,
*Amọ̀, rọra.*
Ẹni tó lójú ni yóò rí mi,
*Amọ̀, rọra.*

Ó lọ lọ́jọ́ ọjà kìn-ín-ní, ẹnikẹ́ni kò yà. Ó lọ lẹ́ẹ̀kejì, ẹnikẹ́ni kò yà. Ó lọ lẹ́ẹ̀kẹta, ajá kan ló yà. Ó gbóòórùn ìkòkò, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ìkòkò kún ilé, ó kún ìta. Ládépò bá pè é jókòó.

"Àwẹ̀ró, n kò bá ọ jà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí kò bọ́ni, eré ni. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá dé tí ìkòkò wọ̀nyí ṣì wà nílẹ̀, oko la jọ ń lọ."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ egungun. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́ amọ̀. Kò mọ ohun tí ọwọ́ òun yóò máa ṣe bí kò bá mọ ìkòkò.

Ó jáde, ó lọ jókòó sábẹ́ ọ̀pẹ. Àwọn ẹyẹ ẹ̀gà ń pariwo lókè.

"Ẹ̀gà, ariwo yín ti pọ̀ jù!"

Ẹ̀gà kan na ọrùn wò ó. "Ariwo kọ́. À ń bi ara wa léèrè ni. Ẹni tó rí koríko ń sọ fún ẹni tó ń kọ́lé. Ìwọ ńkọ́? Ta lo bi léèrè iṣẹ́ rẹ̀ rí?"

Àwẹ̀ró ronú títí. Kò rí ẹnì kan dárúkọ.

Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀lé e, kò pàtẹ rárá. Ó mú ìṣaasùn kan ṣoṣo lọ́wọ́, ó ń kí ènìyàn káàkiri. Ó kí ahunṣọ: "Ojú gbooro o!" Ó kí elépo: "Ajé á wọgbá o!" Ó dé ọ̀dọ̀ Ojúọlápé, àgbà aláró: "Àrẹ̀dú o, ìyá!" Ibi tó bá dé, orin tó ń kọ nìyí:

Kí lẹ ń ṣe, kí lẹ ń wá?
*Amọ̀, rọra.*
Ẹ sọ fún mi, kí n sọ fẹ́lòmíì,
*Amọ̀, rọra.*

Ojúọlápé rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, o ṣeun tí o bi mí. Ìkòkò aró mi ti sán, aró ń ṣòfò. Ìkòkò ńlá ni mo ń wá, èyí tí ènìyàn lè tẹrí bọ̀. Ṣebí amọ̀kòkò ni ọ́? Bá mi mọ ọ́n."

Oníbàárà dé! Ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró mọ ọwọ́ ara rẹ̀. Ìkòkò ńlá tó bá mọ, inú iná ló ń sán sí. Ó sì mọ ẹni tí tirẹ̀ kì í sán: Àbẹ̀jẹ́, amọ̀kòkò ìsàlẹ̀ odò. Àwọn méjèèjì kì í kí ara wọn láti ìgbà tí wọ́n ti jà nídìí kòtò amọ̀.

Ó sọ fún Ojúọlápé pé: "Ìyá, ọwọ́ mi kò ká ìkòkò ńlá. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ń bẹ. Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ."

Nígbà tí Àbẹ̀jẹ́ rí wọn, ó fi amọ̀ sílẹ̀.

"Kí lo wá wá níbí?"

"Oníbàárà ni mo mú wá fún ọ."

"Kí lo máa gbà níbẹ̀?"

"N kò gba nǹkan kan. Bí mo bá ti kí ọ lọ́nà, kí o máa dá mi lóhùn."

Àbẹ̀jẹ́ yíjú sí Ojúọlápé, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ìkòkò aró. Àwẹ̀ró bá ọ̀nà ilé lọ.

Ládépò gbọ́, ó lanu. "O fa oníbàárà lé ọ̀tá rẹ lọ́wọ́?"

"Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà ni mo fà á lé lọ́wọ́, ọkọ mi."

Bó ti sọ ọ́ nìyẹn, àmọ́ ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ojú ọ̀run ń ṣú. Atẹ́gùn òjò ti ń fẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbọ́ ohùn obìnrin rẹpẹtẹ lójúde. Àbẹ̀jẹ́ ló ṣíwájú.

"Àwẹ̀ró, mo kí ọ o. Ó pẹ́ tí àwọn tó ń ra àmù lọ́wọ́ mi ti ń bèèrè ìṣaasùn. Mo mọ̀ ọ́, mo sì gbé orúkọ rẹ mì. N kò gbé e mì mọ́. Àwọn rèé."

Ojúọlápé kó àwọn aláró ẹgbẹ́ rẹ̀ wá. Elépo náà wà níbẹ̀. Wọ́n ń gbé ìṣaasùn, wọ́n ń fi ìka kàn án, ó ń dún gbin-in. Ládépò fúnra rẹ̀ ń bá wọn gbé e rù. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ balẹ̀, àwọn tí kò tíì délé fi ìkòkò dé orí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín lọ. Ọ̀kan ṣoṣo kò ṣẹ́kù.

Láti ìgbà náà, àárín ọjà ni Àwẹ̀ró ń jókòó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àbẹ̀jẹ́, ó kọjú sí èrò:

Ẹ̀yin tó ń wá aró tó dú, ẹ kí Ojúọlápé,
*Amọ̀, rọra.*
Ẹ̀yin tó ń wá àmù ńlá, Àbẹ̀jẹ́ nìyí,
*Amọ̀, rọra.*
Ẹ̀yin tó ń wá ìṣaasùn, ẹ yà sọ́dọ̀ mi,
*Amọ̀, rọra.*

Ó di ẹni tí wọ́n ń bi léèrè ohun tí kò tà pàápàá. Ládépò gan-an a máa bi í pé, "Àwẹ̀ró, ta lo mọ̀ tó ń ra iṣu?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣòwò kékeré, ohun tí ààlọ́ yìí kọ́ wa ni pé iṣẹ́ rere ń fẹ́ ẹnu tí yóò ròyìn rẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ kí wọ́n dárúkọ òun níbi tí kò sí, kó kọ́kọ́ dárúkọ ẹlòmíràn.

Ibi tí ààlọ́ mi já sí nìyí. Ẹni tó bá ní tirẹ̀, kó bọ́ síwájú.