Àyántọ́lá Bo Ìlù Ràkúnmí Mọ́lẹ̀

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ fẹ̀yìn ti ògiri, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ lóṣòó sílẹ̀, ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ tí ẹ fi etí kan gbọ́ mi tí ẹ sì fi èkejì gbọ́ ọmọ ẹ̀yìn yín, mo kí yín, ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ sì kú ọ̀dá tó kọjá. Èmi ni Ọdẹ́tókun, ọdẹ Ìdófin-Àpáta, ẹni tí igbó mọ̀ bí ajá ti mọ olówó rẹ̀. N kò ní fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sẹ́yìn ọ̀rọ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ tí Àyántọ́lá, onílù ìlú wa, ṣẹ̀ nìyí: ó fi ìlù tirẹ̀ bo ti àlejò mọ́lẹ̀ láàárín agbo, omi tí ènìyàn àti ẹranko ń retí sì padà wọlẹ̀.

Ọdún tí odò Aṣàngbó gbẹ ni, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sán bí gìgísẹ̀ darandaran, tí àwọn ìyàwó wa ń gbẹ́ yanrìn nítorí omi tí kò kún ahá. Baálẹ̀ ní kí n tọ ojú odò lọ sókè, kí n wo ohun tó dí i. A ti gbọ́ pé ìlù ń dún ní orísun odò náà, nítorí náà ó ní kí Àyántọ́lá bá mi lọ, torí onílù ló mọ bí a ti ń kí onílù. Ọkùnrin yìí gbé àkúbà rẹ̀ kọ́ èjìká, ìlù tí a ń fi àtẹ́lẹwọ́ lù, ó sì tẹ̀lé mi. Ọwọ́ rẹ̀ yá bí ọwọ́ ọ̀bọ lórí àgbàdo, n kò ní jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n nílé, òun ní í ṣíwájú tí àwọn omele ń tẹ̀lé. Òun kò tẹ̀lé ẹnikẹ́ni rí.

Oòrùn wà ní àtàrí nígbà tí a dé orísun. Kòtò ńlá kan ni, àwọn ẹranko jókòó yí i ká, olúkúlùkù pẹ̀lú ìlù láàárín orúnkún. Ìnàkí, tó jẹ́ onílé, dìde kí wa.

Ó ní, “Ẹ kú ẹsẹ̀ o, ará Ìdófin. Ẹ mà pẹ́ kí ẹ tó dé. Àbí ọ̀fun yín kò tíì gbẹ tó ni?”

Mo ní, “Ó ti gbẹ, bàbá. Kí lẹ ń ṣe níbí?”

“Omi là ń pè, omi yìí kì í sì í jẹ́ ìpè ẹnì kan. Ẹyẹ Àkọ̀ tí ẹ ń wò yẹn fò kọjá òkun wá. Àpótí igi ni wọ́n ń lù níbi tó ti wá. Màmá Ràkúnmí wá láti ilẹ̀ yanrìn. Ìlù wa kò jọra, ṣùgbọ́n bí èyí bá gbé e, ìyẹn a gbà á. A kò ní ọ̀gá. Òfin kan la ní: bí o bá jókòó, kọ́kọ́ lu ìlù ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ títí yóò fi mi orí sí ọ, kí o tó mú tìrẹ wá.”

Àyántọ́lá bú sẹ́rìn-ín. “Bàbá Ọdẹ, ẹ gbọ́ nǹkan! Ọmọ Àyàn ni wọ́n fẹ́ kọ́ ní ìlù!”

Ó jókòó ti Ràkúnmí. Ìlù bẹ̀rẹ̀. Ti Ìnàkí ń rọ̀ bí òjò lórí ewé kókò, ti Àkọ̀ ń ró kó-kó bí ẹni ń pa ẹkùrọ́, ti Ràkúnmí ń lọ bí ẹsẹ̀ nínú yanrìn, ó ń balẹ̀, ó ń dúró, ó tún ń balẹ̀, bí ìrìn ẹni tó mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Wọ́n wọnú ara wọn bí ìka ọwọ́ méjèèjì, mo sì fojú mi rí omi tó ń ru sókè nínú kòtò. Nígbà náà ni Àyántọ́lá mú ìlù tirẹ̀ wọlé. Ibi tí Ràkúnmí ti ń dúró, lójú tirẹ̀, àfo ni. Ó fi ìlù dí i. Ó dí i lẹ́ẹ̀kan, ó tún dí i, ó gbé ohùn àkúbà rẹ̀ ga, ó sì ké sí gbogbo agbo pé, “Ẹ tẹ̀lé mi!” Bí ìlù bá dún àdúnjù, yíya ní í ya. Àkọ̀ ṣìlù, ọwọ́ Ìnàkí kọ́ ara wọn, omi sì rọ̀ wálẹ̀ pẹ̀lú ìró bí ẹni gbé itọ́ mì.

Ràkúnmí ní, “Ọmọ mi, ibi tí mo dákẹ́ sí yẹn, ṣé o rò pé mo gbàgbé ni? Ibẹ̀ ni àwọn yòókù ń gbà wọlé.” Ó gbé ìlù rẹ̀, ó lọ.

“Ẹ jẹ́ kó máa lọ,” ni Àyántọ́lá wí. “Èmi náà lè lù ú.” Ó lù ú títí òógùn fi bò ó. Gbogbo ibi tó yẹ kó lù ló lù. Ibi tó yẹ kó dúró ni kò lè dúró.

Àkọ̀ yọ ọrùn sí i. “Ọmọ Àyàn, omi dà?”

Èmi tọ ipasẹ̀ Ràkúnmí títí mo fi bá a lẹ́bàá àpáta, mo dọ̀bálẹ̀. “Màmá, ẹ ṣàánú, òùngbẹ ń pa àwọn ọmọ wa.”

“Ìwọ kọ́ lo ṣẹ̀ mí. Kí òun má sì wá bá mi ní kọ̀rọ̀ o. Ojú agbo ló ti bò mí mọ́lẹ̀. Ojú agbo ni kó ti ṣí mi.”

Ó bá mi padà. Mo jẹ́ iṣẹ́ náà fún Àyántọ́lá, ó sì bínú. “Kí n dọ̀bálẹ̀ fún ẹranko? Bí wọ́n bá gbọ́ nílé ńkọ́?”

Mo ní, “Nílé, ìyàwó rẹ ń gbẹ́ yanrìn.”

Ó gbé àkúbà sílẹ̀.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, omi tí ẹ ń mu lónìí, inú ọ̀rọ̀ tó sọ lọ́jọ́ náà ló ti ṣàn wá. Ẹ̀bùn kì í ṣe àṣẹ. Ẹni tó lọ́wọ́ tí kò létí, ariwo lásán ló ní, ẹ̀ṣẹ̀ tí a bá sì ṣẹ̀ lójú ọ̀pọ̀, a kì í tọrọ àforíjì rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Ahéré mi jìn, mo ń lọ. Kí ilé yín tutù, kí àmù yín má gbẹ. Àyántọ́lá ni mo fi ìyókù ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún, bó ti sọ ọ́ ní ìdọ̀bálẹ̀ lójú gbogbo agbo, tí Ràkúnmí dúró níwájú rẹ̀:

“Ìnàkí onílé, Àkọ̀, gbogbo agbo, ẹ gbọ́. Èmi Àyántọ́lá ni mo ba ìlù yìí jẹ́. Wọ́n sọ òfin fún mi, mo fi rẹ́rìn-ín. Màmá, mo gbọ́ ìdákẹ́ yín, mo pè é ní àfo, mo sì sọ yín di omele mi. Kì í ṣe pé n kò lè gbọ́. N kò fẹ́ gbọ́ ni. Ẹ foríjì mí. Ẹ jókòó, ẹ lù ú. Ọwọ́ mi wà nílẹ̀.”